Òkè Tí Alàgbà Títù Àjíṣafẹ́ Kò Kọ Sílẹ̀ (1921–1990)

Ní Òkè-Ìmẹ̀rì, abúlé kékeré kan tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ìsánlú láàárín wákàtí kan, ní ilẹ̀ Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni a bí Alàgbà Títù Bámiṣayọ̀ Àjíṣafẹ́ sí ní ọdún 1921. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ìyá wọn máa ń sọ ni pé wọ́n ń kórè ọkà bàbà lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú òun. Bàbá wọn ni Àjíṣafẹ́ ará Ilé Ọlọ́tà, àgbẹ̀ tí iṣu kì í wọ́n lábà rẹ̀. Ìyá wọn ni Fẹ́hìntọlá, ahunṣọ tí àwọn ará Kàbà máa ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá náà bí. Bàbá ni ìkẹrin wọn, Bàbá nìkan ló sì dàgbà di arúgbó nínú wọn.

Ọdún 1932 ni a fi Bàbá sí ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ní Ìsánlú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti ń tẹ̀lé bàbá wọn lọ sóko. Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1939, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún méjì. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ní ìwà kan tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ wọn: ohunkóhun tí Bàbá kò bá tíì kọ sílẹ̀, lójú wọn kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ àlejò tó yà nílé àti ohun tí àlejò náà jẹ. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, àwọn náà a sì máa rẹ́rìn-ín, wọn a tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún 1944 ni ìjọ rán Bàbá lọ kọ́ni ní Abaji. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi wá sílé ní ọdún 1947 láti fẹ́ Màmá wa, Dọ́káàsì, ọmọ ilé Ọlọ́runtóbá ní Ìsánlú. Ní oṣù kìíní ọdún 1951, wọ́n ní kí Bàbá lọ dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Zúkpàyí, kí wọ́n sì padà lẹ́yìn ọdún méjì. Wọn kò padà mọ́.

Ó yẹ kí a sọ bí Zúkpàyí ṣe rí, nítorí ẹni tó bá wá a kiri lónìí kò ní rí i. Abúlé àwọn Gbàgyí ni, ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Maitama. Maitama tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn mínísítà ń kọ́lé sí báyìí. Abúlé ni òun náà nígbà náà, ilé amọ̀ roboto-roboto sì ni ilé ibẹ̀. Ilé méjìlélọ́gọ́ta ló wà ní Zúkpàyí. Odò Dàbwá ń ṣàn kọjá ní gúúsù rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kejì ọdún, àwọn obìnrin á máa fi igbá wa yanrìn kí omi tó sun. Igi igbá pọ̀ lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀, oko iṣu àti ti ọkà bàbà sì wà lápá kejì, títí dé ọ̀nà tó lọ sí Gwarinpa. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà wọn lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ilé Sàríkí, olórí abúlé.

Ní àríwá ni òkè wà. Òkè àpáta ni, kò ga. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sáré gùn ún. Orí rẹ̀ tẹ́jú, ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó jinlẹ̀ tó láti gbẹ́. Àwọn àgbà sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn kọ́kọ́ gbé, láyé tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń wá kó ènìyàn lẹ́rú. Nígbà tí ayé tòrò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sétí odò, ṣùgbọ́n òkú wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kú ní Zúkpàyí, orí òkè ni wọ́n ń gbé e lọ, agboolé kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbin iṣu lọ́dọọdún, wọn á lọ gbá orí òkè náà mọ́ tónítóní.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà nínú yàrá kan ṣoṣo. Wọ́n kọ́ èdè Gbàgyí débi pé Màmá ní wọ́n ń fi í sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Màlámù”, ìyẹn olùkọ́, ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá kì í kọ́ ọmọ kankan nínú yàrá. Wọn á kó wọn jáde láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Níbo ni Dàbwá ti sun? Ta ló gbin igi igbá yìí? Ta ló kọ́kọ́ ro ilẹ̀ tọ̀hún? Ọmọ tí kò bá mọ̀ á lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà, ìdáhùn náà á sì wọnú ìwé Bàbá. Nígbà tí ọdún 1970 fi máa dé, Bàbá mọ Zúkpàyí ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ abúlé fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n yangàn fún àwọn ará Maitama.

Ní ọdún 1958, ibà líle kan mú ọmọ Bàbá obìnrin, Tèmídayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn kó tó kú. Bàbá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé nígbà tí Yàhàyá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè Sàríkí abúlé náà nígbà yẹn, tó sì jẹ́ ẹgbẹ́ Bàbá lọ́jọ́ orí, dé pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní a kì í sin ọmọ Màlámù bí ẹni ń sin ọmọ àlejò, àti pé àwọn ti la àyè fún un lórí òkè, nínú ibi tí agboolé òun ń lò. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá léèrè ọjọ́ tí wọn yóò kó padà sí Ìsánlú, èsì wọn ni pé àwọn ti ní ilẹ̀ ní Zúkpàyí.

Bàbá fúnra wọn ló pa á láṣẹ pé kí a kọ ohun tó tẹ̀lé e yìí sínú ìwé ìsìnkú wọn. Àwa ọmọ kò fẹ́. Wọ́n ní tí a bá yọ ọ́, kí a má wulẹ̀ kọ ìyókù.

Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ kéde pé agbègbè náà ni olú ìlú tuntun yóò wà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn akọ̀wé ìjọba dé Zúkpàyí pẹ̀lú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, láti ka gbogbo ohun tó jẹ́ ti àwọn ará abúlé, kí a lè mọ ohun tí a ó san fún wọn nígbà tí wọ́n bá kó kúrò. Àwọn akọ̀wé náà kò mọ ilé Lámọrín yàtọ̀ sí ti Làkáṣègbè, wọ́n sì yára fi gègé lé Bàbá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí bí Bàbá ṣe ń kọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi kọ ọ́. Wọ́n kọ ilé, wọ́n kọ abà, wọ́n kọ igi igbá àti igi ẹ̀mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tilẹ̀ kọ àgò adìyẹ, tí olórí àwọn akọ̀wé fi ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta, níwájú ilé Sàríkí, tí gbogbo àgbà jókòó, olórí àwọn akọ̀wé fi èdè Haúsá tó yé gbogbo wọn béèrè pé: “Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó jẹ́ tiyín, lẹ́yìn àwọn ilé àti oko wọ̀nyí?”

Àwọn àgbà kò sọ nǹkan kan. Bàbá wò wọ́n, wọ́n rò pé òun ni àwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún. Wọ́n wo òkè. Wọ́n ní: “Kò sí mọ́.”

Kì í ṣe pé Bàbá gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ rí bákan mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí a bá kọ sínú ìwé náà ni àyè wà fún iye tí a dá lé e, ohun tí a bá sì ti dá iye lé ti di ọjà nìyẹn. Ní Òkè-Ìmẹ̀rì tí a ti bí Bàbá, inú ilé ni ojú oórì bàbá ẹni ń wà, ẹni tó bá sì ń ta ilẹ̀ kì í kà á mọ́ ohun tó ń tà. Bàbá kò lè kọ òkè náà sáàárín abà àti àgò adìyẹ. Wọn kò lè kọ ibojì Tèmídayọ̀ síbẹ̀ kí ẹnìkan wá bi wọ́n pé èló ni. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ohun tí a kò bá kọ, a kò tà á, ohun tí a kò bá sì tà, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló ṣì wà. Bí òye wọn ṣe rí nìyẹn, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà sì wà.

Ní ọdún 1980, a kó àwọn ará Zúkpàyí lọ sí ẹ̀yìn Kúbwà, sínú ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù tó tò bí àwọn ọmọ iléèwé. Bàbá àti Màmá bá wọn lọ. Wọ́n ṣì ń padà lọ gbá òkè náà kí wọ́n tó gbin iṣu. Ìrìn náà jìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn ín. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1982, obìnrin kan tó lọ ṣẹ́gi sáré dé, ó ní katakátá wà nídìí òkè.

Bàbá gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà tuntun gba ibẹ̀ kì í ṣe aláfojúdi. Ó bọ́ fìlà, ó ní kí wọ́n jókòó. Bàbá sọ fún un pé ibojì ni orí òkè yẹn, pé kò sí ẹni tó ta á. Ó lọ mú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá láti inú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Gbogbo ilé àti oko Zúkpàyí wà nínú rẹ̀. Níbi tí òkè yẹ kó wà, ìwé náà funfun.

Ó bi wọ́n pé: “Bàbá, ọwọ́ ta ni ó kọ ìwé yìí?”

Bàbá ní: “Ọwọ́ mi ni.”

Ọkùnrin náà sọ pé ká ní a kọ ibojì kan ṣoṣo síbẹ̀ ni, àwọn ìbá ti wá ibòmíràn gbé ọ̀nà gbà. Ó fún wọn ní ọjọ́ méjì láti kó ohun tí wọ́n bá lè kó. Àwọn ibojì àtijọ́ kò ní àmì, nítorí náà mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n rí hú láàárín ọjọ́ méjì yẹn, tí wọ́n sì tún sin sí ẹ̀yìn Kúbwà. Bàbá mọ ibi tí Tèmídayọ̀ wà, wọ́n lè dijú débẹ̀. Màmá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ àwọn. Bàbá ní òun kò lè kó tòun ṣáájú tàwọn tí òun fi tiwọn sílẹ̀ láìkọ, pé kí òun kó tiwọn ná. Wọ́n ń bá ti elòmíràn lọ títí ọjọ́ kejì fi pé. Ibi tí Tèmídayọ̀ sùn sí wà lábẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà títí di òní olónìí. Oṣù mẹ́ta ni Màmá fi gbé oúnjẹ fún Bàbá láì bá wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn kan ní Màlámù dáhùn láì bi ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ní Màlámù gba rìbá ta òkè. Òbí mọ́kànlá yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí Bàbá ń darí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìpàdé abúlé oṣù kẹrin, Bàbá dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Yorùbá, ní ojú àwọn tí kì í dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì fi èdè Gbàgyí tọrọ àforíjì. Sàríkí Yàhàyá tó jókòó ní iwájú gan-an wo ilẹ̀, kò gbójú sókè títí ìpàdé fi tú. Ohun tó dun Bàbá jù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìkíni “sànnu” lásán ni ó kù láàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì yìí.

Àwa ọmọ ní kí Bàbá padà sí Ìsánlú. Wọ́n kọ̀. Láti ọdún 1983 dé 1989, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń gba orúkọ àwọn tí a sin sórí òkè náà sílẹ̀. Àwọn kan dá wọn lóhùn, àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Orúkọ igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n rí gbà, pẹ̀lú orúkọ agboolé àti ọdún tí ẹni náà kú, níbi tí a bá ti mọ̀ ọ́n. Ilé Yàhàyá nìkan ni wọn kò rí orúkọ kankan gbà, wọn kò sì fipá béèrè. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kọ̀wé sí ìjọba kí a fi òkúta kan sétí ọ̀nà náà. Kò sí èsì.

Síbẹ̀, Bàbá ṣiṣẹ́ Olúwa àti ti aráyé. Wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Yàgbà ní Kúbwà láti ọdún 1985 sí 1988, níbi tí wọ́n ti dá ìpàdé dúró léraléra torí pé ẹnìkan fẹ́ fo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìpàdé. Wọ́n kọ́ ogójì ọmọ tí òbí wọn kò lágbára níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá àti Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pọ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, Bàbá á wọkọ̀ lọ dúró sétí ọ̀nà náà, wọn á bọ́ fìlà, wọn á sì padà wálé láì sọ ohun tí wọ́n rò níbẹ̀.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru dá Bàbá gúnlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yìí. Wọ́n ní tí òun bá kú, kí a má gbé òun lọ sí Ìsánlú, kí a má sì tọrọ àyè fún òun lọ́dọ̀ àwọn ará Zúkpàyí. Ilẹ̀ ìjọ ti tó. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, wọ́n bi Màmá bóyá ẹnikẹ́ni ti ilé Yàhàyá wá. Màmá ní rárá. Wọ́n kú kí oòrùn tó mú.

Bàbá fi Màmá Dọ́káàsì sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́rin: Ọládùnjoyè, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níhìn-ín ní Abuja, Morẹ́nikẹ́, olùkọ́ ní Ìlọrin, Olúgbémiga, mẹkáníìkì ní Abaji, àti Àbọ̀sẹ̀dé, nọ́ọ̀sì ní Kúbwà. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan. Tèmídayọ̀ ti ṣáájú wọn.

A ti kọ ìwé yìí dé ibí, a sì ti fẹ́ gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, nígbà tí Sàríkí Yàhàyá wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọlé. A gbé àga fún un, ó jókòó sórí ẹní. Ó ní kí gbogbo wa péjọ, kí Màmá náà wà níbẹ̀.

Ó ní: “Ọjọ́ tó ṣáájú ìbéèrè yẹn, àwa àgbà ti jókòó nílé mi. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òkè han àwọn akọ̀wé. Láyé bàbá mi, gbogbo ohun tí akọ̀wé bá kọ ló ń padà wá di owó orí. A kò sọ fún Màlámù, torí a mọ̀ pé kò ní tìtorí wa purọ́. Nígbà tó ní kò sí mọ́, a dúpẹ́ nínú ọkàn wa. Ká ní ó kọ ọ́ ni, àwa ni à bá ní kó pa á rẹ́.”

Ó wá ní nígbà tí òkè lọ, àwọn ọ̀dọ́ ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, ẹ̀rù sì ba àwọn àgbà, òun sì jẹ́ kó jẹ́ Màlámù. Àwọn àgbà tó jókòó nílé òun lọ́jọ́ náà ti kú tán, ó ku òun nìkan. Ó ní ká gbé Màlámù wá sáàárín àwọn, pé òun ti la àyè sílẹ̀.

Ọládùnjoyè bi í ohun tó dé tí kò fi sọ ọ́ láti ọdún mẹ́jọ yìí. Ilé rẹ̀ sí ilé wa kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Yàhàyá ní: “Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá wá lọ́la.”

Ọládùnjoyè dìde, ó jáde, ó sì pẹ́ kó tó wọlé. Ìbínú wa kò tíì tán, a kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Màmá ló bu omi fún Sàríkí, Màmá náà ló sì ní kí a gbà. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn òní, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án, inú ilẹ̀ ìsìnkú àwọn ará Zúkpàyí ní ẹ̀yìn Kúbwà ni a ó gbé Bàbá lọ. Bàbá ní kí a má tọrọ àyè. A kò tọrọ. Àwọn ló pè wọ́n.

Bàbá, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi tí ẹ gbé fún ọdún mẹ́jọ kì í ṣe tiyín nìkan, ọ̀rẹ́ yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. A ti gbọ́ ọ báyìí. Ó dùn wá dé egungun pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀yin kò lè gbọ́ mọ́ ni a gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tí wọ́n pè yín sí rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sinmi, Màlámù.